Georg Schlesinger: Ọmọ Berlin tó fi òṣùwọ̀n sí iṣẹ́ ẹ̀rọ

 

Nínú ìtàn ìgbésí ayé ti ọ̀tẹ̀ yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ kò wọ́pọ̀ lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé irin àti igi káàkiri àgbáyé mọ̀ dáadáa. Georg Schlesinger lorúkọ rẹ̀. Ọmọ bíbí Berlin ni. Ìlú yìí ló gbé e ga, ìlú yìí kan náà ló sì lé e jáde.

Kí ló mú wa rántí rẹ̀? Àwọn ọ̀dọ́ wa púpọ̀ ló ti ń fi ẹ̀rọ CNC router ṣiṣẹ́ báyìí. Àwọn kan ń fi í gbẹ́ pátákó ilé-ìtajà, àwọn kan ń fi í ṣe ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, àwọn kan sì ti ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ńlá níbi tí wọ́n ti ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gé aluminium. Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ dé bá gbogbo wọn kò ju méjì lọ: báwo ni kí bíìtì ṣe yára yí tó, báwo sì ni kí ó ṣe yára rìn gba inú igi kọjá tó? Ẹni tí kò bá mọ ìdáhùn á dáná sun igi, á ṣẹ́ bíìtì, á sì fi owó ṣòfò. Ìdáhùn ọ̀hún kò já bọ́ láti ọ̀run o. Àwọn ènìyàn ló fi ọ̀pọ̀ ọdún wá a, Schlesinger sì wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ tí ọmọdé lè jókòó sí kíláàsì kọ́.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ìbéèrè náà. Káfíńtà tó ń fi ayùn la pákó mọ̀ pé bí òun bá tẹ ayùn jù, yóò há. Bí òun bá sì fọwọ́ fẹ́lẹ́ jù, ayùn á kàn máa ha ojú pákó lásán, apá á sì máa ro òun. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni bíìtì router. Eyín kọ̀ọ̀kan tó wà lára bíìtì gbọ́dọ̀ bu ìwọ̀n tó yẹ nígbàkígbà tó bá yí kan igi. Bí ó bá bu púpọ̀ jù, bíìtì á ṣẹ́. Bí ó bá bu kékeré jù, kì í ṣe pé ó ń gé mọ́, ó ń ha ni. Híha yìí ló ń mú ooru wá, tí igi fi ń dúdú, tí ojú bíìtì fi ń kú. Èérún tó nípọn díẹ̀ ló máa ń gbé ooru kúrò lójú iṣẹ́. Bí ohun tó ń jáde bá ti di lẹ́búlẹ́bú bí èlùbọ́, ẹ yáa wo ìṣirò yín dáadáa.

Ìṣirò náà kò le. Ẹ mú iye ìgbà tí bíìtì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ẹ fi iye eyín rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ wá fi ìwọ̀n tí eyín kọ̀ọ̀kan máa bu sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tó bá jáde ni ìrìn ẹ̀rọ ní ìṣẹ́jú kan. Ká ní bíìtì yín ní eyín 2, ó ń yí nígbà 18,000 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ sì fẹ́ kí eyín kọ̀ọ̀kan bu 0.1 mm. 18,000 lọ́nà 2 lọ́nà 0.1 jẹ́ 3,600. Ìyẹn ni pé kí ẹ̀rọ rin 3,600 mm ní ìṣẹ́jú kan, ó ju mítà mẹ́ta àbọ̀ lọ díẹ̀.

Ẹ wá wo ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tó dín ìrìn kù sí 900 mm, tí kò fọwọ́ kan yíyí rárá. Eyín rẹ̀ ń bu 0.025 mm péré. Ó rò pé òun ń ṣe é jẹ́jẹ́, igi ló ń sun yẹn! Bí ẹ̀rọ rẹ̀ kò bá lágbára láti rìn ju 900 lọ, ohun tó yẹ kó ṣe ni kó mú bíìtì eyín 1, kó sì dín yíyí kù sí 9,000. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ ó rí i pé eyín yẹn á padà máa bu 0.1 mm. Àpẹẹrẹ lásán ni 0.1 yìí o. Igi líle yàtọ̀ sí igi rírọ̀, bíìtì tín-ín-rín yàtọ̀ sí bíìtì gbọ̀ǹgbọ̀n, ẹni tó ṣe bíìtì sì máa ń kọ ìwọ̀n tirẹ̀ sínú ìwé tó bá a wá.

Bí ẹ ṣe ń wò ó yìí, ó rọrùn. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí wọ́n bí Schlesinger, kò sẹ́ni tó ní irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ojú àti etí ọ̀gá ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ń lò. Bí ọ̀gá bá kú, ìmọ̀ náà bá a wọlẹ̀.

Láti Moabit dé Charlottenburg

Ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1874 ni wọ́n bí Georg Schlesinger ní Berlin, ìdílé Júù ló sì ti wá. Berlin ìgbà náà kò tóbi bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Charlottenburg dá dúró, Schöneberg náà dá dúró, títí di ọdún 1920 tí wọ́n kó gbogbo wọn pọ̀ di Berlin ńlá. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Charlottenburg, èyí tí à ń pè ní TU Berlin lónìí, ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ti kẹ́kọ̀ọ́.

Ní ọdún 1897 ó wọ ilé-iṣẹ́ Ludwig Loewe. Ọdún 1869 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ń ṣe ìbọn, wọ́n sì tún ń ṣe àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rọ mìíràn. Ludwig Loewe fúnra rẹ̀ ti dé Amẹ́ríkà, ó ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì mú ọgbọ́n wọn wálé. Nígbà tí Schlesinger dé ibẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà ń kó lọ sí ibùdó tuntun ní Huttenstraße ní Moabit, ó sì wà lára àwọn tó lajú jù lọ ní gbogbo Jámánì. Kò pẹ́ tí Schlesinger fi di ọ̀gá láàárín àwọn tó ń ya àwòrán ẹ̀rọ.

Ohun tó gbà á lọ́kàn jù ní Loewe ni bí irin méjì ṣe ń wọnú ara wọn. Bí a bá gbẹ́ ọ̀pá kan lónìí, tí ẹlòmíràn sì lu ihò rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ní ìlú mìíràn, ṣé ọ̀pá yẹn á wọ ihò yẹn láìjẹ́ pé ẹnì kan tún ń fi fáìlì há a? Ó wọ́pọ̀ nígbà náà kí oníṣẹ́ máa há ọ̀pá, kó máa dán an wò, kó tún máa há a, títí tó fi máa wọ ihò kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe é fún. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, kò sí èyí tó lè rọ́pò rẹ̀. Schlesinger fara balẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n: ó tóbi dé ibí, kò gbọ́dọ̀ kọjá ibí, ó kéré dé ibí, kò gbọ́dọ̀ dín sí i. Lórí ọ̀rọ̀ yìí ló kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní ọdún 1904. Lónìí tí a bá ra bẹ́árìn mọ́tò ní Ládìpọ̀, tí ó sì wọ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní Jámánì wẹ́kú, irú iṣẹ́ yìí ló fà á.

Ní ọdún 1904 yìí kan náà, nígbà tó jẹ́ ẹni 30 ọdún, wọ́n fi í jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Charlottenburg. Ipò tuntun ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀ ni: ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹ̀rọ tí a fi ń gé irin àti nípa bí a ṣe ń darí ilé-iṣẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé kò kà sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀ ti wọ yunifásítì nìyẹn.

Ará Amẹ́ríkà kan àti ọdún 26

A kò lè sọ ìtàn yìí láì dárúkọ Frederick Winslow Taylor. Ọmọ Philadelphia ni. Láti ọdún 1880 ló ti ń ṣe àyẹ̀wò nílé-iṣẹ́ irin Midvale: báwo ni irin ṣe yẹ kó yára yí tó lórí ẹ̀rọ lathe, kí sì ni ìrìn tó yẹ irin tó ń gé e? Ó rò pé oṣù mẹ́fà á tó. Ọdún 26 ló gbà á! Pọ́ùn 800,000 irin ni òun àtàwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ gé di èérún. Ó rí i pé ohun 12 ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà: bí irin tí à ń gé ṣe le tó, irú irin tí a fi ń gé e, bí èérún ṣe nípọn tó, bí a ṣe gé e jìn tó, bóyá omi ń dà sí i, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Omi nìkan, bí ó bá ń dà dáadáa síbi tí à ń gé, lè jẹ́ kí ìyára fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i.

Nínú gbogbo ohun tó rí, ọ̀kan wà tó yẹ kí gbogbo ọmọ tó ń lo ẹ̀rọ há sórí. Ìyára gígé ló ń pa ojú irin jù lọ. Nínú ìṣirò Taylor, bí a bá fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún péré kún ìyára, ojú irin náà kò ní lò ju nǹkan bí ìdajì àkókò tó yẹ kó lò. Bí a bá sọ ìyára di ìlọ́po méjì, ọjọ́ ayé irin náà á pín sí ọ̀nà 256, ìpín kan ló máa kù. Ṣe ẹ rí i pé kíkánjú díẹ̀ lè gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Àwọn àgbà wa kúkú ti sọ ọ́ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Taylor àti Maunsel White tún ṣe àwárí kan nílé-iṣẹ́ Bethlehem láàárín ọdún 1898 sí 1900. Wọ́n rí ọ̀nà láti fi iná se irin tí ojú rẹ̀ kò ní rọ̀ bí ó tilẹ̀ pọ́n fòò nígbà tó ń gé irin mìíràn. Òun ló bí irin HSS tí gbogbo wa mọ̀. Wọ́n gbé e lọ sí àpérò ńlá ní Paris ní ọdún 1900, ẹnu sì ya àwọn ará Yúróòpù. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kò lágbára tó láti lo irin tuntun náà dé ibi tó lè dé. Wọ́n ní láti ṣe ẹ̀rọ mìíràn tó wúwo, tó sì lágbára jù wọ́n lọ. Àkókò yìí gan-an ni Schlesinger di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Charlottenburg. Ó kọ́ ibùdó àyẹ̀wò síbẹ̀, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wọn agbára tí ẹ̀rọ ń lò nígbà tó bá ń gé irin, tí wọ́n sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1907 ó dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Werkstattstechnik, kí ohun tí wọ́n rí nílé-ẹ̀kọ́ lè dé ọwọ́ ẹni tó dúró nídìí ẹ̀rọ. Nígbà tí Taylor gbé ìwé rẹ̀ lórí irin gígé jáde ní Amẹ́ríkà lópin ọdún 1906, kò ju ọdún méjì lọ tí Adolf Wallichs fi túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Jámánì, Berlin ni wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ọ̀rọ̀ Taylor ní ẹ̀gbẹ́ kejì o. Bó ṣe wọn irin ló ṣe wọn ènìyàn. Ó fi aago dúró ti òṣìṣẹ́, ó ń ka ìṣẹ́jú tó fi gbé nǹkan, ìṣẹ́jú tó fi sinmi. Ní ọdún 1911 àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ní Watertown ní Massachusetts daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí aago yìí. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lónìí nínú wíáháòsì, tí ẹ̀rọ kékeré kan ń ka iye páálí tó gbé ní wákàtí kan, mọ ohun tí à ń wí. Schlesinger wà lára àwọn tó mú ẹ̀kọ́ Taylor wọ Jámánì, òun àti Walther Moede sì dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Charlottenburg ní ọdún 1918 láti máa dán òṣìṣẹ́ wò, kí wọ́n mọ iṣẹ́ tó bá ojú àti ọwọ́ kálukú mu. Ó ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó sì fún ọ̀gá iṣẹ́ ní agbára tuntun lórí òṣìṣẹ́. Kò yẹ ká yọ èyí kúrò nínú ìtàn rẹ̀.

Ọwọ́ fún ẹni tí ogun gba ọwọ́ rẹ̀

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba fi Schlesinger ṣe olórí ilé-iṣẹ́ ìbọn ti Spandau. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn tó ṣe lákòókò ogun yẹn ni ọ̀pọ̀ dókítà ṣì fi ń rántí rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ń ti ojú ogun dé láìní ọwọ́, láìní ẹsẹ̀. Káfíńtà wà nínú wọn, alágbẹ̀dẹ wà nínú wọn, àgbẹ̀ náà wà nínú wọn. Wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Charlottenburg láti máa dán ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá wò, Schlesinger sì wà lára àwọn tó darí iṣẹ́ níbẹ̀.

Ó wo ọwọ́ ènìyàn bí ẹni wo ẹ̀rọ. Ó pín bí ọwọ́ ṣe ń mú nǹkan sí ọ̀nà mẹ́fà: dídi ọ̀pá mú gírígírí, fífi orí ìka ṣa nǹkan kékeré, fífi ìka kọ́ nǹkan bí ẹni gbé báàgì, fífi àtàǹpàkò àti àwọn ìka yòókù mú nǹkan pẹlẹbẹ, dídi nǹkan rogodo mú bí ọsàn, àti fífi àtàǹpàkò tẹ nǹkan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìka bí ẹni fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn. Ọdún 1919 ni ìwé ńlá lórí iṣẹ́ náà jáde. Títí di òní, àwọn tó ń ṣe ọwọ́ fún róbọ́ọ̀tì àti ọwọ́ àtọwọ́dá ṣì ń lo ọ̀nà mẹ́fà yìí.

Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ yege ìdánwò

Lẹ́yìn ogun, nǹkan mìíràn tún ṣẹlẹ̀ ní Berlin tó kan gbogbo ẹni tó ń lo router lónìí. Ilé-iṣẹ́ gílóòbù Osram ń wá ohun tó le bíi dáyámọ́ǹdì tí wọ́n lè fi máa fa wáyà tín-ín-rín inú gílóòbù, torí dáyámọ́ǹdì wọ́n ju ẹ̀mí lọ. Karl Schröter tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ló rí ojútùú rẹ̀, wọ́n sì gba ìwé-àṣẹ rẹ̀ ní ọdún 1923. Krupp ló wá ń ṣe é tà. Wọ́n pè é ní Widia, ìyẹn ni pé ó rí bíi dáyámọ́ǹdì, wọ́n sì gbé e lọ sí ọjà ńlá ìlú Leipzig ní ọdún 1927. Òun ni carbide. Bíìtì carbide tí ẹ ń rà fún router yín lónìí, inú gílóòbù Berlin ló ti wá! Ó lè gé nǹkan ní ìyára tó ju ti HSS lọ fíìfíì.

Ní ọdún 1927 yìí kan náà ni Schlesinger gbé ìwé rẹ̀ tó lókìkí jù jáde, Prüfbuch für Werkzeugmaschinen. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni bí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ṣe lè dán an wò kó tó sanwó: bóyá ojú rẹ̀ tẹ́jú, bóyá ibi tó ń rìn lórí rẹ̀ gún, bóyá ibi tó ń yí kò yẹ̀ ju ìwọ̀n tí a kọ sílẹ̀. Wọ́n túmọ̀ ìwé náà sí èdè mìíràn, àwọn òṣùwọ̀n àgbáyé tí à ń lò lónìí sì gbà púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá ń wá ìyára àti ìrìn tó yẹ router rẹ̀, kó kọ́kọ́ ṣe bí Schlesinger ṣe wí. Ẹ padà wo bíìtì eyín 2 wa tó ń bu 0.1 mm. Bí ẹ bá gbé gọ́ọ̀jì tì í, tí ẹ rí i pé ó ń yẹ̀ ní 0.05 mm, eyín kan lè máa bu 0.15, kí èkejì máa bu 0.05. Eyín kan ń ṣiṣẹ́ àṣekú, èkejì ń ha igi lásán. Kò sí ìṣirò tó lè tún ìyẹn ṣe. Kọ́lẹ́ẹ̀tì tó dọ̀tí tàbí tó ti jẹ ni kí ẹ wò.

Ọdún 1933

Ní oṣù Kìíní ọdún 1933 ni Hitler gba ìjọba. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin wọ́n gbé òfin kan jáde tí wọ́n fi ń lé àwọn Júù kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì sì wà lára wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Schöneberg, tàbí tí ẹ máa ń gba ibẹ̀ kọjá, bí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní Bayerischer Platz, ẹ gbójú sókè wo àwọn òpó iná. Pátákó kéékèèké 80 ló wà lára wọn ní àdúgbò yẹn. Láti ọdún 1993 ni wọ́n ti wà níbẹ̀, iṣẹ́ Renata Stih àti Frieder Schnock ni. Àwòrán wà lójú kan, ọ̀rọ̀ òfin wà lójú kejì pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Òfin tí wọ́n fi lé àwọn Júù kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀. Àwọn tó sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ẹni tó lè ra oúnjẹ ní wákàtí kan ṣoṣo lójúmọ́, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fún ọrùn ènìyàn, òfin kan lẹ́yìn òmíràn. Nínú gbọ̀ngàn ìlú Schöneberg, wọ́n tún ṣe àfihàn ìtàn àwọn Júù tó ti jẹ́ aládùúgbò níbẹ̀ rí. Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ wò ó. Inú ìlú tí wọ́n ń dàgbà sí ló ti ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó fi ọdún 29 jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, tó ṣiṣẹ́ fún Jámánì nígbà ogun, tó wá ọwọ́ fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án pé ó dalẹ̀ orílẹ̀-èdè. Wọ́n mú un, wọ́n sì tì í mọ́lé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, kò sí ipò fún un mọ́ ní Charlottenburg. Ní ọdún 1934 Otto Kienzle gorí àga tí Schlesinger dá sílẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ CNC lónìí á mọ orúkọ Kienzle yìí, torí ìṣirò agbára gígé tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì, tirẹ̀ ni. Ọgbà kan náà ni ìmọ̀ wọn ti hù, ṣùgbọ́n wọ́n ti lé ẹni tó kọ́kọ́ ro ó.

Schlesinger fi Jámánì sílẹ̀ ní ẹni 60 ọdún. Ó kọ́kọ́ gba Switzerland lọ. Lẹ́yìn náà ó ṣe olùkọ́ ní Brussels. Kí ogun tó dé Belgium, ó ti kọjá sí Ìlú Ọba. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣí kúrò ní ìlú kan sí òmíràn mọ ohun tó wà nínú rẹ̀: èdè tuntun, ìwé tuntun, kí ènìyàn máa ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ọmọdé tó jókòó nídìí tábìlì. Ẹ wá rò ó wò kó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún.

Ohun tó wà lórí kò ṣeé gbà

Ní Ìlú Ọba, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Institution of Production Engineers fi í ṣe olórí ẹ̀ka ìwádìí wọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Loughborough, títí di ọdún 1944. Ó padà sídìí iṣẹ́ tó mọ̀. Ìlú Ọba ń jagun, wọ́n nílò ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú àti ìbọn, gbogbo wọn sì nílò irin tí ojú rẹ̀ dán ní ìwọ̀n tó yẹ. Báwo ni a ṣe ń wọn bí ojú irin ṣe dán tó? Ní ọdún 1942 ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde, Surface Finish lorúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ń lo ẹ̀rọ tààrà. Nídìí ẹ̀rọ lathe, ìrìn irin tó ń gé ló ń fi ìlà sílẹ̀ lójú iṣẹ́. Nínú ìṣirò tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ, bí a bá sọ ìrìn di ìlọ́po méjì, jíjìn àwọn ìlà yẹn á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó gbọ́n fi ń gé e lẹ́ẹ̀mejì: ìgbà àkọ́kọ́ ó bu púpọ̀ kó lè tètè yọ èyí tí kò wúlò kúrò, ìgbà kejì ó bu díẹ̀ kó lè dán. Router náà gba irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ má gbàgbé pé nínú igi, bí ẹ bá dín in kù jù, ẹ tún padà sídìí híha nìyẹn.

Ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 1949 ni Schlesinger kú ní Wembley, ní ẹni 75 ọdún. Kò padà wá gbé ní Berlin mọ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1952, yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ kan han aráyé, èyí tí ihò ara bébà ń darí dípò ọwọ́ ènìyàn. Láti ibẹ̀ ni CNC ti wá. Ẹ̀rọ yẹn lè ṣe ohunkóhun tí a bá kọ fún un, ṣùgbọ́n kò lè fọwọ́ mọ̀ bóyá irin ń há tàbí ó ń ha, bí ọ̀gá àtijọ́ ṣe ń mọ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ìṣirò lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí Taylor, Schlesinger, Kienzle àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ṣe sílẹ̀ ló jẹ́ kí ìṣirò náà wà.

Berlin ti rántí rẹ̀ báyìí. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó dá sílẹ̀ ní 1904 ṣì wà ní TU Berlin. Ní Reinickendorf, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ńlá kan ń jẹ́ Georg-Schlesinger-Schule. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Berlin, títí kan ọmọ àwọn tó ṣí wá láti ilẹ̀ mìíràn, ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé irin lórí ẹ̀rọ CNC. Ẹ̀kọ́ Zerspanungsmechaniker gba ọdún mẹ́ta àbọ̀, wọ́n sì ń san owó fún ọmọ bó ṣe ń kọ́ ọ.

Ẹ̀yin òbí, a mọ̀ pé dókítà àti lọ́yà ló máa ń wù wá kí ọmọ wa jẹ́. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá wà nílé tó fẹ́ràn láti máa tú nǹkan palẹ̀, tó ń béèrè ìdí tí bíìtì fi ń sun igi, ẹ má bá a wí. Ìbéèrè rẹ̀ tó ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n fi gbogbo ayé rẹ̀ wá ìdáhùn sí. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti kọ́ iṣẹ́ láti ilé, tí ẹ ń fi ìwé-ẹ̀rí yín pamọ́ sínú àpótí, òfin wà ní Jámánì láti ọdún 2012 tó fún yín láyè láti ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá tiwọn dọ́gba. Ẹ mú un jáde.

Wọ́n gba àga Schlesinger, wọ́n gba ibùdó àyẹ̀wò rẹ̀, wọ́n lé e kúrò nílùú tí wọ́n ti bí i. Wọn kò rí ohun tó wà lórí rẹ̀ gbà, ìyẹn ló sì gbé e ró ní Loughborough. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí irú ọdún 1933 mọ́, kí iṣẹ́ ọwọ́ wa má sì dójú tì wá nílẹ̀ àjèjì. Ó dìgbà kan ná o.